Àpò Ìrẹsì Méjì àti Èmi

Àwọn ọmọ mi ní àwọn fẹ́ gbé mi lọ wo erékùṣù. Èmi Àlímọ̀t, tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí omi yí ìlú mi ká láti ọjọ́ tí mo ti dáyé! Ṣùgbọ́n Abdulafeez, àkọ́bí mi, ní ọkọ̀ afẹ́ la fẹ́ wọ̀, pé orin wà níbẹ̀, oúnjẹ náà sì wà. Mo di mọ́ínmọ́ín tèmi dání. A wọkọ̀ ní CMS.

A ò tíì rìn jìnnà lórí omi tí mo fi mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣìkẹ́ mi.

"Màmá, ẹ ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin," Abdulafeez ló ń sọ̀rọ̀. "Eegun yín ti gbó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún mi. Mo ti rí ẹni tó máa gbà á."

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Èbúté Èrò láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Òun ni mo fi tọ́ Abdulafeez àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Ẹni tí mo fi ìrẹsì rán níléèwé ló wá ń sọ fún mi pé eegun mi ti gbó. Inú bí mi débi pé mo dé mọ́ínmọ́ín mi padà.

A gúnlẹ̀ sí erékùṣù. Láàárín àwọn igi àgbọn ibẹ̀, wọ́n ta okùn irin gígùn kan láti orí àtẹ̀gùn gíga, ó kọjá lórí omi dé òdìkejì. Wọ́n á so èèyàn mọ́ ọn, olúwarẹ̀ á sì máa sáré lọ lójú afẹ́fẹ́. Sípláìnì ni wọ́n ń pè é.

"Abdulafeez," mo ní, "bí mo bá gun okùn yẹn dé òdìkejì, o ò tún gbọdọ̀ dárúkọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ láyé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀? Mo gbà, Màmá." Basheerah ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ìdí tó fi yá a lára láti gbà. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé ẹni tó bá ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ kò lè gùn ún. Mo tóbi, mi ò sẹ́. Adéníkẹ́, ọmọbìnrin tó ń wọn àwọn èèyàn, ní kí n bọ́ sórí òṣùwọ̀n.

"Ọgọ́rùn-ún lé márùn-ún ni, Mà. Ẹ má bínú."

Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n ti dá padà ṣáájú mi. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, ojú ń tì wọ́n. Ojú ò ti èmi ní tèmi. Ní Èbúté Èrò, a kì í bá òṣùwọ̀n tí a ò mọ̀ jiyàn. Àpò tí wọn ò tíì tú la máa ń gbé lé e, kó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

"Ṣé ẹ ní ìrẹsì ní kíṣìnnì yín?" mo bi Adéníkẹ́.

"A ní, Mà."

"Ẹ gbé àpò méjì wá. Alákílò àádọ́ta, tí wọn ò tíì já okùn ẹnu rẹ̀."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, òfin ni."

"Mi ò bá òfin jà. Síkéèlì yín ni mò ń bá jà."

Abdulafeez fà mí láṣọ. "Màmá, ẹ má dójú tì wá o."

Mo yarí kanlẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu àtẹ̀gùn, ẹnikẹ́ni ò lè gòkè. Àwọn mẹ́ta abẹ́ igi dìde, wọ́n wá dúró tì mí. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àpò méjì dé. Mo fọwọ́ tọ ojú rírán wọn, mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì yọ nínú wọn. Wọ́n tò wọ́n lé òṣùwọ̀n.

Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́sàn-án.

Ariwo sọ. Àpò méjì tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún kílò géérégé wúwo jù mí lọ! Ọ̀gá Adéníkẹ́ sáré dé, ó yẹ òṣùwọ̀n náà wò, ó rí i pé ó ń fi kílò mẹ́sàn-án kún un, ó ní ẹni tí kò bá ti tó àpò méjì yẹn, kó máa gòkè.

Basheerah yá mi ní ṣòkòtò. Mo di ìbòrí mi le, mo bọ́ sálúbàtà, mo gbé báàgì mi fún Abdulafeez pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀. Wọ́n fi bẹ́líìtì dè mí láyà àti nítan. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, kí n má purọ́, mo fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo rántí Mọ́ńdè. Mo ké "Bísímílà!", mo fò.

Atẹ́gùn gba ẹnu mi. Omi ń sá lọ lábẹ́ mi, mo ń pariwo, ariwo náà sì di ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú.

Basheerah tẹ̀lé mi, òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Abdulafeez náà gun òṣùwọ̀n. Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rìnlá! Ó ju àpò méjì lọ. Wọ́n ní kó máa fẹsẹ̀ gba etí omi bọ̀.

Mo ti ń mu omi àgbọn nígbà tó yọ lójú iyanrìn, sálúbàtà mi lọ́wọ́, báàgì mi lọ́rùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Mo na ọwọ́ sí i. Fúnra rẹ̀ ló yọ kọ́kọ́rọ́, tó kó o lé mi lọ́wọ́. Kò lè wò mí lójú.

Mo so kọ́kọ́rọ́ mi mọ́ etí ìbòrí.

"Aago méje ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè," mo ní. "Ìwọ tí eegun tìrẹ ò tíì gbó, wá bá mi gbé àpò."