Oògùn Inú Ẹ̀kọ

Bàrákàt fi ìdí ṣíbí tẹ hóró oògùn náà títí ó fi di ìyẹ̀fun. Ó ń rò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́ ni Dókítà Títílọpẹ́ wọlé. Bàrákàt yára fi ìborùn bo ife.

“Ìyá Ìdrís, abẹ́rẹ́ tá à ń fún Bàbá ò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ fi kún un lónìí, ṣùgbọ́n kíndìnrín wọn ti ń ṣàárẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.”

Lórí bẹ́ẹ̀dì, Àlàní ọkọ Bàrákàt ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti sọ ara rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ni irú ohun funfun tó máa ń hù lára kòkó tó bá ti bu bá ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sọ èyí fún Bàrákàt ló sáré lọ bá oníkẹ́míìsì kan ní Ìlódè, ìyẹn sì ta oògùn irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fún un. Bàrákàt ò sọ fún un pé aláìsàn ti ń gba abẹ́rẹ́. Ọwọ́ kan ò kúkú gbẹ́rù dórí. Láti ìgbà náà ló ti ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ àárọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, torí Àlàní kórìíra oògùn oníhóró, àti torí àwọn nọ́ọ̀sì, tí ẹnu wọn mú ju abẹ́rẹ́ wọn lọ.

Àbí oògùn òun ni kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́? Bó bá sọ̀rọ̀, gbogbo agbo ilé wọn ní Ìrẹmọ á gbọ́ pé òun ló fẹ́ pa ọkọ òun. Bó bá sì dákẹ́ ńkọ́? Ó ká ìborùn kúrò lórí ife.

“Dókítà, ẹ dákun, ẹ má bínú. Oògùn wà nínú ẹ̀kọ yìí.” Ó na páálí rẹ̀ sí i.

Títílọpẹ́ kà á, ó tún un kà. Bàrákàt ń retí igbe. Dókítà fa àga, ó jókòó tì í.

“Màmá, oògùn gidi ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tiwa gbọ́dọ̀ rí nǹkan dì mú lára ohun tó ń bá Bàbá jà kó tó lè pa á. Oògùn tiyín kì í jẹ́ kí nǹkan ọ̀hún wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n lè máa dí ara wọn lọ́wọ́. Mi ò ní fi kún abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹ dá tiyín dúró, ká wò ó ná.”

“Ṣé mi ò tíì pa wọ́n?”

“Ó dáa tẹ́ ẹ tètè sọ̀rọ̀, Màmá.”

Nígbà tí dókítà jáde, Bàrákàt da ẹ̀kọ náà nù, ó po òmíràn, ó gbé e sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Àlàní tọ́ ọ wò, ó gbójú sókè.

“Kò korò lónìí.”

Ọwọ́ Bàrákàt dúró. “Ẹ mọ̀?”

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́.” Ó sinmi kó tó lè máa bọ́rọ̀ lọ. “Bí mo bá ti mu ún tán, ojú rẹ máa ń rọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń mu ún.”

Bàrákàt fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló gbà á lẹ́nu. Ìyàwó ń bò ó kí ọkọ má bàa kú, ọkọ ń bò ó kí ìyàwó má bàa dààmú, ẹ̀dọ̀fóró kan náà ló sì ń jìyà rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún bu ẹ̀kọ sí ṣíbí.

“Bàbá Ìdrís, bó bá tún korò lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pariwo.”