Omi Ní Kí N Kọ́kọ́ Kí Òun

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ àlá tí mo lá lọ́sàn-án Sátidé fún yín, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó mi, torí òun a máa bù mọ́ ọ̀rọ̀. Orí bẹ́ǹṣì pálọ̀ ni mo sùn sí lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà tán. Inú ń bí mi nígbà tí mo sùn. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbẹ́ kànga ládùúgbò yìí, ṣùgbọ́n káńsù ní àwọn ò lè gbé kànga ilé ìwé fún mi torí mi ò ní ìwé ẹ̀rí. Ọmọ kan tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi nílùú òyìnbó ni wọ́n gbé e fún. Ọmọ yẹn ò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò tó lè gba ìkòkò ọbẹ̀ rí.

Bí mo ṣe dijú báyìí, èmi náà ti wà níbi tí wọ́n ti ń gba físà.

Ọ́fíìsì náà léfòó sókè, ó ga ju igi àgbọn lọ. Okùn kànga mi ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo mọ okùn náà dáadáa, nítorí náà mo fà á gùn lọ sókè. Ọkùnrin kan jókòó nídìí tábìlì, ó so táì, irùngbọ̀n rẹ̀ sì rí ṣóńṣó.

“Kí lo fẹ́ lọ kọ́ lọ́hùn-ún?” ló bi mí.

“Omi ni, ọ̀gá.”

“Ṣé kò sí omi nílé yín ni?”

“Ó wà, ọ̀gá. Kò kàn fẹ́ràn ẹ̀rọ ni.”

Ó mi orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́ọ̀mù mi. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè ọdún tí mo jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àyà mi já, torí kíláàsì kẹrin ni mo ti kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gá ti di òbúkọ. Kò pariwo. Táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi ojú ìwé yẹn panu, ó jẹ ẹ́ tán. Mo ní, “Ẹ ṣé, ọ̀gá.” Ó fi pátákò tẹ ìwé ìrìnnà mi gbàgà, ó di físà.

Kóòtù òkìrìkà ni mo wọ̀ lọ. Bí bàálù ṣe gbéra ni kóòtù náà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Mo ní, “Inú ẹ mà dùn o.”

“Kí ló dé tí kò ní dùn? Ilé wa là ń lọ,” ni kóòtù dáhùn. “Ọdún mẹ́jọ ni mo fi sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn yín, tí gbogbo yín ń fà mí lápá wò.”

Nígbà tí a balẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ kúrò lára mi, ó dì mọ́ kóòtù àgbàlagbà kan tó wá pàdé rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ. Kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo fi í sọ́kàn. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí tí mo gbàgbé rí, kóòtù kọ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Òkun ìlú náà ga ju òrùlé wọn lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ògiri, ẹja sì ń wo àwọn tó ń kọjá. Inú ọpọ́n ìfọṣọ ńlá kan tó léfòó ni yunifásítì wọn wà. Wọ́n ní kí n jókòó sápá òsì nítorí ikùn mi, kí ilé ìwé má baà dojú dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé. Ta ni mo rí? Tíṣà Ọláòfẹ́!

Ọkùnrin yìí ló kọ́ wa ní kíláàsì kẹrin. Lọ́jọ́ kan, ìkòkò omi kíláàsì fọ́. Mùdáṣírù ló fọ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi ni tíṣà ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ òun. Mo ní mi ò kúnlẹ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀ tàbí kí n máa lọ sílé. Mo bá lọ sílé, mi ò sì padà mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì. Nígbà tó kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mi ò ṣí fìlà.

“Lásísì,” ni tíṣà wí, “o pẹ́ o.”

“Ọdún mẹ́rìnlélógójì péré ni, sà.”

“Ṣé wàá kúnlẹ̀ báyìí?”

“Mùdáṣírù ló fọ́ ọ, sà.”

Ó kọjú sí pátákó, ó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Kò tíì kọ ìlà méjì tí òun náà fi di òbúkọ. Ó ní, “Mẹ̀ẹ́.” Gbogbo kíláàsì kọ “Mẹ̀ẹ́” sílẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin òyìnbó tó jókòó tì mí bóyá èyí máa jáde nínú ìdánwò. Ánẹ́kà ni wọ́n ń pè é, ó ń sọ Yorùbá bí ará Ìsẹ́yìn.

“Ìyẹn gan-an ni wọ́n máa ń béèrè jù, bọ̀dá,” ló wí.

Kò tíì pa ẹnu dé tí ìdánwò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tábìlì wa di àgbá omi, ti oníkálukú níwájú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa: mú omi rẹ gòkè dé òrùlé, kó bá ọ mú ìwé ẹ̀rí rẹ wá. Mo gbójú sókè. Ìwé mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kọ “Lásísì Àrẹ̀mú” sí i gàdàgbà, yíǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Ánẹ́kà kúnlẹ̀ fún omi tirẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà.” Omi náà dìde, ó rọra ń gòkè bí ìyá arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn.

Èmi gbá àgbá tèmi. “Dìde ká lọ.”

“O ò kí mi,” ni omi wí.

“Ta ni àgbà nínú wa?”

“Èmi ni. Kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹ ni mo ti wà.”

“Irọ́ ni. Òjò oṣù tó kọjá ni ọ́, ojú mi lo ṣe rọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí.”

“Àìmọye ìgbà ni mo ti lọ sọ́run tí mo padà.”

“Ẹni tó bá lọ sọ́run tó padà wá, ọmọ tuntun là ń pè é. Ìwọ ló yẹ kó kí mi.”

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Omi ní, “Lásísì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lo fi ń tẹrí ba lórí mi nínú kànga. Ta lo rò pé ò ń tẹrí ba fún?”

“Mò ń wá ọ ni. Mi ò kí ọ.”

“Bọ̀dá Lásísì, ẹ jọ̀ọ́,” ni Ánẹ́kà wí, “ẹ dọ̀bálẹ̀ kíá. Ẹ ò rí ìwé yín lókè ni?”

Mo wò ó. Ìwé náà dára. Mo rántí káńsù. Mo ní, “Ó dáa. Bírò mi ló já bọ́, mo fẹ́ mú un.” Mo fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, mo ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

“Bírò ẹ wà létí ẹ,” ni omi wí.

“Òmíràn ni.”

“Àyà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀.”

“Ta ló ń fi àyà mú bírò?”

“Ó ku ìwọ̀n ìka kan.”

“Ibẹ̀ náà ló máa wà.”

Omi dúró lójú fèrèsé. Èmi náà dúró. Òógùn ń já bọ́ nímú mi. Òbúkọ rìn wá, ó tẹ ẹnu sí mi létí, ohùn Tíṣà Ọláòfẹ́ ló sì jáde.

“Lásísì, mo mọ̀ pé Mùdáṣírù ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀.”

Ọwọ́ mi yẹ̀. Àyà mi balẹ̀ gbì!

Mo lajú. Ilẹ̀ pálọ̀ ni mo wà, mo ti já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì, mo dojú bolẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, àyà mi tutù. Korobá omi tó fi ń nulẹ̀ wà níwájú orí mi gan-an. Ìyàwó mi dúró tì í, ó di àkísà mú.

“Bàbá Kúbúrà, ta lẹ dọ̀bálẹ̀ fún?”

“Mo ṣubú ni.”

“Ẹ ṣubú, ẹ wá ń sọ pé ‘ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta’?”

Mo wo inú korobá. Omi inú rẹ̀ ń mì, ó ń mì bí ẹni tó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Mo dìde, mo gbọn aṣọ mi, mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi.

Mo ṣubú ni. Mi ò sì tíì bá korobá yẹn ṣe nǹkan kan pọ̀ láti ọjọ́ náà.