Ẹṣin Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Ojú kan ṣoṣo ni arúgbó náà ní, fìlà rẹ̀ sì gbòòrò bí ọmọrí ìkòkò. Bí Skeggi onílé ṣe rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin ló ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ta ni kò mọ̀ pé Ódìn, olórí àwọn òrìṣà ilẹ̀ wọn, máa ń fi ojú kan àti fìlà ńlá rìn kiri láti dán onílé wò? Alfdis ìyàwó Skeggi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé olè olójú kan náà lè ra fìlà.

"Kí lẹ máa jẹ, Bàbá?" ni Skeggi bi í.

"Màlúù yẹn ò burú."

Alfdis dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan tá a ní nìyẹn. Wàrà rẹ̀ ni Hild ọmọ wa máa mu títí yìnyín á fi yọ́."

"Dákẹ́, jàre!" ni Skeggi wí.

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò gbọ́ ti Tọ́ọ̀ ọmọ mi, òrìṣà àrá, ni? Ó pa òbúkọ rẹ̀ jẹ, ó kó egungun sórí awọ, nígbà tílẹ̀ mọ́, òbúkọ dìde. Màlúù yín náà á dìde, ẹ ṣáà má fọ́ egungun kankan. Bẹ́nì kan bá fọ́ ọ, ẹjọ́ mi kọ́ o."

Alfdis wo ọkọ rẹ̀ tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Ọkùnrin tó lè fi ọjọ́ mẹ́ta jiyàn lórí àgùntàn kan níwájú ìgbìmọ̀, fìlà lásán ló sọ ọ́ di ọ̀dọ̀yọ̀ yìí! Ó pòṣé. Ṣùgbọ́n "ẹjọ́ mi kọ́" yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹran tán ló ń gba egungun lọ́wọ́ wọn. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú awọ, ó rán an pa, ó sì jókòó lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni arúgbó náà sún mọ́ ọn tòun ti òkúta lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ní iná lòun fẹ́ yá.

Láàárọ̀, arúgbó náà fi ọ̀pá lu awọ náà. Awọ ò mira.

"Ẹnì kan ti fọ́ egungun," ló wí.

Alfdis tú awọ, ó to egungun sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó sán.

"Ẹ fi ojú tó kù yẹn wò ó dáadáa, Bàbá."

"Bóyá torí pé o ò gbà gbọ́ ni," ni Skeggi ń kùn.

"Egungun ni wọ́n ní ká má fọ́, Bàbá Hild. Wọn ò sọ ti ìgbàgbọ́."

Arúgbó náà ti ń sáré lọ sídìí ẹṣin rẹ̀, àmọ́ ìjánu ti wà lọ́wọ́ Alfdis.

"Ẹṣin mi nìyẹn!"

"Ẹsẹ̀ mẹ́jọ lẹṣin Ódìn ní, Lókì, òrìṣà ẹlẹ́tàn, ló bí i. Ẹ bá mi kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mẹ́rin tó kù dà? Àbí ènìyàn bíi tiwa ni yín? Ẹ kúkú sọ ọ́, kí ọkọ mi gbọ́. Ẹṣin kan ni òfin ní kí olè fi san màlúù kan."

Arúgbó náà wo àáké tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kì í ṣe ẹṣin mi," ló wí, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọnú yìnyín.

Alfdis yínmú. Ó fa ẹṣin náà, ó kọrí sí ilé aládùúgbò wọn tó ní màlúù méje.

"Tó bá jẹ́ Ódìn lóòótọ́ ńkọ́?" ni Skeggi ké tẹ̀ lé e.

"Ṣebí Alárìnkiri lẹ ń pè é. Ẹ jẹ́ kó rìn."