Ikú Naa Shormeh Lẹ́nu Adoley

Ìdí ìkòkò ata dúdú ni Adoley ti máa ń pa Naa Shormeh. Bó bá ti kó àwọn àlejò rìn láti ilé ìmọ́lẹ̀ etí òkun, tó ti fi ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ hàn wọ́n, tó ti júwe ibi tí ọkọ̀ òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí láyé ọjọ́un, yóò mú wọn dé ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bukom ní Ákírà, kí wọ́n jẹ kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n fi háhá wé, àti ẹja díndín. Bí wọ́n bá ti ń lá ọwọ́, yóò rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò yìí, Naa Shormeh. Láti ibí dé Tema, kò sẹ́ni tó mọ kẹ́ńkè í ṣe tó o. Ó ti lọ. Ọwọ́ mi yìí ló dì mú nígbà tó ń lọ."

 Ẹlòmíì nínú àwọn àlejò a nu ojú.

Bẹ́ẹ̀ Naa Shormeh wà láàyè. Ó ń bẹ nínú àgbàlá rẹ̀ lẹ́yìn ilé kejì, ó ń di kẹ́ńkè.

Adoley ò burú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀dọ̀ Naa ló dàgbà sí nígbà tí ìyá tó bí i kú, ìwọ̀nba ìwé tó sì kà, kẹ́ńkè Naa ló rán an lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ afinimọ̀nà, àgbàlá yẹn ló kọ́kọ́ ń kó àlejò lọ. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan yọ fóònù, ó ya Naa ní fọ́tò níbi tó ti ń ro ìkòkò, aṣọ kan ṣoṣo láyà, orí lófìfo. Naa gbé orógùn sókè. "Adoley! Ṣé ewúrẹ́ ni mo dà lójú ẹ, tó o fi ń kó èèyàn wá wò mí?"

Adoley bá wọn sá jáde, kò sì padà wọ ibẹ̀ mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ló ń tì í. Ìgbà tó yá, ojútì di ìbẹ̀rù. Àwọn àlejò ò sì yéé béèrè ìyá oníkẹ́ńkè tí wọ́n gbókìkí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó rẹ̀ ẹ́ pátápátá, ó ní Naa ti kú. Kó tó mọ̀, ikú náà ti hu ìyẹ́. Láràárọ̀, kó tó fọ ẹnu, yóò tẹ́tí sí apá ibẹ̀, bóyá igbe ẹkún yóò ta. Ó mọ̀ pé bó bá ta, ẹnu òun ló pa á.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àlejò mẹ́ta ló kó: tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó láti Kumasi, àti tíṣà kan láti Keta tó ti fẹ̀yìn tì, Agbeko lorúkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bí Adoley ti pa Naa tán, bàbá náà gbé kẹ́ńkè sílẹ̀.

"Shormeh wo? Shormeh ìdí igi dóńgóyárò? Ó máa ń fi ẹja kún tèmi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ tíṣà níbí! Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀."

"Tíṣà, oòrùn ti mú. Ibẹ̀ jìnnà."

"Jìnnà? Ṣé wọ́n gbé ilé náà kúrò ni?"

"Wọn kì í... wọn kì í gba àlejò."

"Ilé ọ̀fọ̀ tí kì í gba àlejò! Ọkọ ìyàwó, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Kumasi?"

"Kò síbi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Agbeko ti mú ọ̀pá. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀nà. Lọ́jọ́ náà, afinimọ̀nà ló ń tẹ̀ lé àlejò.

Naa Shormeh jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi, háhá àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun àti Tsotsoo tó máa ń bá a ṣiṣẹ́. Adoley fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ ìyàwó.

"Ẹ káàbọ̀ o. Tsotsoo, gbé àga fún wọn. Bu omi."

Ní Ákírà, a kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá láìjẹ́ pé ó ti mu omi. Igbá omi ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó kan Adoley, ó fi kan ètè lásán, ó gbé igbá náà padà fún Tsotsoo. Ó gbójú sókè, ojú Naa wà lára rẹ̀.  Naa mú háhá mìíràn.

"Níhìn-ín, àlàáfíà ni," ni Naa wí. "Ẹ̀yin lẹ rìn wá. Kí lẹ bá wá?"

Agbeko wúkọ́. "Èmi kì í ṣe ọmọ Gã. Ẹnu mi lè ṣì í sọ. Adoley lẹnu wa. Adoley, bá wa jíṣẹ́." Ó wá rọra sọ fún un létí pé, "Àbúrò olóògbé nìyí, àbí? Wọ́n mà jọra o."

Adoley rò ó láti sọ pé kẹ́ńkè ni wọ́n wá rà. Ṣùgbọ́n Agbeko gbọ́ èdè Gã, etí rẹ̀ sì mú ju ojú rẹ̀ lọ. Adoley kúnlẹ̀.

"Naa... wọ́n ní... wọ́n wá kí yín."

"Kí mi kú kí ni?"

"Kú... kú ọ̀fọ̀."

"Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, Naa."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Tsotsoo. "Yéè! Naa, ẹ kú, ẹ ò sọ fún mi! Òkú ni mo ń bá di kẹ́ńkè látàárọ̀!"

Agbeko ti dìde, ó sún mọ́ Naa, ó ń ṣẹ́jú. "Shormeh?"

"Agbeko? Agbeko olójúkòkòrò ẹja! Jókòó jẹ́ẹ́. Òkú ń sọ̀rọ̀."

"Naa, ẹ jẹ́ n fi orógùn bá a tún ẹnu yẹn ṣe!" ni Tsotsoo ń pariwo. Naa gbọ́wọ́ sókè, ó dá a dúró.

"Adoley, sún mọ́ bí. Irú ikú wo ló pa mí?"

"Naa, ẹ dákun, ẹ forí jì mí..."

"Mi ò ní kó o bẹ̀ mí. Bó o ṣe ń sọ ọ́ fún wọn ni kó o sọ ọ́ fún mi."

Adoley bá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ. Orí ẹní ni, lójú fèrèsé yẹn, ìgbà ọyẹ́. Naa ń di kẹ́ńkè, ó sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ẹbí tó wà lọ́nà jíjìn.

"Ṣé mo jẹ̀rora?"

"Rárá, Naa."

"Ó dáa. Ta ló wà lọ́dọ̀ mi?"

Ibi tí àwọn àlejò fẹ́ràn jù nìyí. 

"Èmi ni. Mo di ọwọ́ yín mú."

Ìkòkò ń hó. 

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó," ni Naa wí, "ta ni yóò wà níbẹ̀. Agbeko, o gbọ́? Ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó, ẹ gbọ́? Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí. Ó ní òun ni."

Ó fẹsẹ̀ ti agbọ̀n háhá sí i. "Kó tó dìgbà náà, di kẹ́ńkè."

Naa ò sọ pé òun dárí jì í, Adoley ò sì béèrè mọ́. Ó mú ògì gbígbóná, ó jó o lọ́wọ́, ó rún un pọ̀, ó fi háhá wé e, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbàgbé ibi tí wọ́n ń ki ẹnu háhá bọ̀. Naa gbà á, ó wò ó, ó tú u palẹ̀, ó jù ú padà sí i lẹ́sẹ̀.

"Tún un dì."