Kọ́lọ́ọ̀mù Tí Kò Ní Àmì

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù kọ̀ǹpútà. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì wa l'Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n á dúró lókèèrè bí ẹni tó ń wo ajá tí wọn kò so. Nígbà tí Ọ̀gá Ignatius tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà kú ní oṣù Kejì ọdún 1999, èmi Fúnmiọlá ni wọ́n tì síwájú. Wọ́n ní ọdún 2000 ń bọ̀, ẹ̀rọ tuntun ti dé, kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ni láti pín ilé fún àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ignatius kò sì kọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo bínú sí òkú ọkùnrin náà títí di oṣù Kọkànlá, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tó yá, mo jókòó, mo kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò máa tẹ̀ lé ní ìlà dé ìlà: kí ó ka orúkọ gbogbo àtẹ tó wà nínú rẹ̀, kí ó ka àwọn kọ́lọ́ọ̀mù inú àtẹ kọ̀ọ̀kan, irú ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, àti bóyá àyè rẹ̀ lè ṣófo. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pariwo títí. Àtẹ mẹ́sàn-án ló jáde. Èyí tó jẹ́ ti àwọn tó ń retí ilé ní kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́rin: ORUKO, ILU, NOMBA_ULE, OJO_WOLE. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ọjọ́ ni wọ́n ń fi síbẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣófo. Kọ̀ǹpútà wa kò mọ àmì orí, kò mọ àmì abẹ́. Lẹ́tà ńlá lásán ló ń kọ. ULE yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Bí àwa ọmọ Ọ̀wọ̀ ṣe ń pe ilé lẹ́nu nìyẹn, ṣùgbọ́n Ignatius nìkan ló lè kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìjọba.

Mo wá orúkọ màmá mi, Monica, kàn. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, 1999. Mo sáré lọ sílé.

"Màámi, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí lẹ máa wọlé yín!"

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń retí ilé yìí. Wọ́n kúnlẹ̀ láàárín àwọn abọ́ tí òjò ń kán sí. "Ulé tèmi!" ni wọ́n ń wí. "Èmi náà á sùn ní yàrá tí òjò kò ní bá mi pín." Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo sínú páálí.

Mo fẹ́ mọ irú ilé tí wọ́n fún àwọn tó ṣáájú. Ní Sátidé, mo lọ sí Uso, sí ilé Bàbá Boniface, tí ọjọ́ tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀kẹta oṣù Kẹjọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló pàdé mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé wo ni bàbá wọ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹjọ?"

Ó nawọ́ sí sìmẹ́ǹtì tí wọn kò tíì kùn níwájú ilé. "Ilé ọ̀hún nìyẹn. Ọjọ́ yẹn la sin wọ́n."

Mo tún dé Ute, sílé Màmá Veronica, tí tiwọn jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án. Sàréè tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Ọjọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n sin wọ́n. N kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta tó wà ní Afo mọ́.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Bí Ignatius bá fẹ́ kọ ilé, ULE ló ń kọ. Kọ́lọ́ọ̀mù ULE sì ṣófo lábẹ́ orúkọ gbogbo wọn. OJO_WOLE kì í ṣe ọjọ́ wọlé. Ọjọ́ wọlẹ̀ ni. Ignatius sì ti kú kí ọjọ́ kankan nínú wọn tó dé. Mo sunkún títí mo fi délé, Màámi sì rò pé ayọ̀ ni.

Ní Mọ́ńdè, mo gbìyànjú láti pa ọjọ́ Màámi rẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀: kò gbọdọ̀ ṣófo. Mo fi ọjọ́ mìíràn síbẹ̀, ó gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún ṣí i, ẹ̀tàdínlógún ti padà. Mo bú Ignatius ní orúkọ àti ní oríkì. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ló bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ni yóò tún un ṣe. Kí n kúkú yí orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù náà padà. Mo rántí ohun tí Màámi sọ lórí ìkúnlẹ̀, mo tẹ OJO_WO_YARA. Ẹ̀rọ gbà láìjiyàn. Mo tún tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, YARA ló wà níbẹ̀. Mo sùn lọ́jọ́ náà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún gan-an, ìwé dé látọ̀dọ̀ ọ̀gá pé wọ́n ti fún Màámi nílé lóòótọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí a má lọ lónìí. Wọn kò gbọ́. Páálí ti wà lórí. Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú bí ọmọdé títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n rí ilẹ̀kùn náà, wọ́n já ọwọ́ gbà, wọ́n sì sáré. Koríko ti bo ibi tí àwọn onípáìpù omi gbẹ́ níwájú ilé náà. Lójú mi ni wọ́n ṣe rì wọlẹ̀.

Mo ké. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀:

"Fúnmiọlá! Ta ló gbẹ́ yàrà síbí?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo ń pariwo pé wọ́n wà láàyè. Ẹsẹ̀ nìkan ló kán. Ìgbà tí àwọn aládùúgbò ń gbé wọn jáde ni ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ tó wọ̀ mí létí. Yàrà. Èmi ni mo kọ ọ́.

Màámi ti ń jẹun báyìí. Ṣùgbọ́n orúkọ mọ́kànlélógún ló ṣì kù lábẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn. Ibojì pàápàá, kí ni bí kò ṣe yàrà? Láti àárọ̀ ni mo ti wà níwájú ẹ̀rọ yìí, tí mo ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí kò ní ojú méjì bí a bá bọ́ àmì lára rẹ̀. N kò tíì rí i. Màmá Adétutù, ará Afo, ọ̀la ni tiwọn.