Àdúrà Ìdágbére Wa

Ẹ bá mi wò ó. Ẹni tí ìjọ ti gbàdúrà ìdágbére fún, tí wọ́n na ọwọ́ sí lórí, tí wọ́n kọrin sìn dé ẹnu ọ̀nà, tó tún padà wá jókòó láàárín wọn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kí lẹ fẹ́ máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Èmi Jemimah, ìyá Iredélé, ti Orozo lẹ́yìn odi Àbújá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkọ mi. Ọbayẹmí lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, àárín ìlú Àbújá ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ Orozo mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń dúró de mọ́tò, tó bá sì fi máa padà dé, ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú un lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Dókítà ní kó máa sinmi, àmọ́ ibo ló ti fẹ́ rí ìsinmi? Nígbà tí wọ́n wá ní ọ́fíìsì wọn ń ṣí ẹ̀ka tuntun sí Òṣogbo, pé kí ẹni tó bá wù láti lọ sọ, òun ló kọ́kọ́ sọ. Òṣogbo ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Màmá ti dàgbà, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, àwọn nìkan ló sì kù nínú ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún ọkọ mi pé wọ́n ti mú un, pé kó wá fọwọ́ síwèé kí oṣù tó parí, ńṣe ló ń súfèé nínú balùwẹ̀. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa, mi ò gbọ́ kó súfèé rí.

Èmi náà gbà. Ẹ má rò pé mi ò gbà. A jọ jókòó ni, a jọ sọ ọ́, mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká lọ. Aṣọ ni mò ń rán, kò sì síbi tí èèyàn kì í ti í wọṣọ. Inú Iredélé dùn, torí ó fẹ́ràn ìyá àgbà rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn èmi lọ, kí n má purọ́. Màmá ti ní kí wọ́n kun yàrá tí a máa gbé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí láti bi mí léèrè irú ọ̀dà tí mo fẹ́.

Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibi tó dé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá ń kúrò ní Àbújá kì í kàn lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú wa, ẹbí kálukú sì jìnnà, nítorí náà ara wa la fi ṣe ẹbí. Tí ẹnì kan bá ń lọ, wọ́n á pe òun àti ìdílé rẹ̀ síwájú, wọ́n á kúnlẹ̀, gbogbo ìjọ á na ọwọ́ sí wọn, pásítọ̀ á gbàdúrà. Tó bá wà nípò, á gbé ipò náà sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ẹlòmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á fún wọn lẹ́bùn, wọ́n á sì kọrin sìn wọ́n jáde. Nígbà tí Olúwatósìn àti ọkọ rẹ̀ ń lọ sí Kánádà, èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n wọ̀, èmi ni mo tún dáná. Àwọn èèyàn jó títí eruku fi sọ. Nígbà tí ìdílé Babátọ́pẹ́ ń lọ sí Ìlú Ọba, bákan náà. Mo ti ṣe ìránṣẹ́ nídìí ìdágbére àwọn ẹlòmíràn títí ó fi sú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n jó fún èmi náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, pé òun kò tíì fọwọ́ síwèé. Mo ní kí ló kù nínú ìwé, ṣebí wọ́n ti mú yín. Èmi ni ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin, kò sì ṣòro fún mi rárá láti lọ bá ìyàwó pásítọ̀ kó fi wá sínú ètò. Mo ra aṣọ aláwọ̀ búlúù, mo rán an fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ Ìsinmi náà dé, pásítọ̀ pè wá síwájú. Ó ní ọmọ wa Ọbayẹmí àti ìdílé rẹ̀ ń fi wá sílẹ̀ lọ. Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn onílù ti gbé kọ̀ǹgọ́ wọn dání. Pásítọ̀ wá ní Òṣogbo la ń lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, àtẹ́wọ́ yẹn kú. Mo gbọ́ bó ṣe ń kú, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹnì kan láàárín àwọn akọrin ní, "Òṣogbo kẹ̀?"

Bí àdúrà ṣe yí padà nìyẹn. Èyí tí wọ́n gbà fún àwọn ará Kánádà ni pé kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà wọ́n, kí wọ́n dé ibi gíga. Tiwa, pásítọ̀ ní kí Olúwa dá ògo wa padà, kí àwọn tó ń lépa wa ṣubú. Ògo wo ló sọnù? Ta ló ń lépa wa? Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, etí mi gbóná, mo sì ń ṣe àmín.

A jáde tán, wọ́n bò mí. Rosemary, tó gba ipò ààrẹ lọ́wọ́ mi, dì mọ́ mi, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní kí n má ro ara mi pin, irú ẹ̀ ṣe àbúrò òun náà, Ọlọ́run sì gbé e dìde. Ìyáàfin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí bóyá wọ́n dá dádì Iredélé dúró níṣẹ́ ni. Mo ní rárá, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ lọ. Ó mi orí, ó ní ó yé òun, kò pọn dandan kí n ṣàlàyé. Ẹlòmíràn di ìrẹsì sínú ọ̀rá fún mi. Ìrẹsì, bíi pé ìyàn ló mú ní Òṣogbo. Inú bí mi, ojú sì tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Gbogbo wọn yẹn, tí ẹ bá bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti wá, Iléṣà ni, Ìkìrun ni, Ẹdẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Àbújá, iwájú nìkan ló gbọ́dọ̀ máa lọ. Tó bá padà sílé pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní kò rí já ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí ọkọ mi tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní a ò lọ mọ́.

Ó wò mí. Ó bi mí pé ṣé nítorí ohun tí wọ́n sọ ni. Mo ní rárá o, kí ló kàn mí nínú tiwọn. Mo ní ẹ̀kọ́ Iredélé ni mò ń rò, ọmọ tó jẹ́ pé tí a bá bá a sọ Yorùbá, èdè òyìnbó ló fi ń dáhùn, pé àwọn ọmọ Òṣogbo á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Iredélé wà níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó wọ yàrá. Mo mú ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà mi wá, mo mú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wá, mo tún ní ooru Òṣogbo ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ àwa náà nìyí tí a ń làágùn nínú pálọ̀ ní Orozo. Ọkọ mi ò bá mi jà. Mo kúkú fẹ́ kó bá mi jà. Ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wá ní:

"Màmá Iredélé, ìyá mi ò ríran dáadáa mọ́."

Mo ní, "A ó máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dìde. Mo sunkún, mi ò jẹun, mi ò sì dá a lóhùn nígbà tó kí mi láàárọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá fẹ́ nǹkan, mi ò ní jẹ́ kí ẹni tó wà nítòsí mi gbádùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé òun ò lọ mọ́. Wọ́n fún ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀, àwọn tó ń fẹ́ ẹ pọ̀. Ó dé ilé, ó sọ fún mi, ó gbé oúnjẹ rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Àyà mi balẹ̀. Bí mo ṣe rí nìyẹn, àyà mi balẹ̀.

Ó di ọjọ́ Sátidé kí n tó rántí pé ọjọ́ Ìsinmi ló kàn. Ibo la fẹ́ gbà wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Wọ́n ti sìn wá. Rosemary ti jókòó sórí àga mi. Báàgì ìrìnàjò tí ìjọ rà fún wa wà ní pálọ̀, a ò tíì yọ ọ̀rá lára rẹ̀. Ṣé èèyàn lè dá àdúrà padà ni? Mo ní ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Dutse Alhaji, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Ọkọ mi ní Dutse Alhaji jìnnà, ṣọ́ọ̀ṣì wa la máa lọ. Ohùn tó fi sọ ọ́, mi ò lè bá a jiyàn.

A wọlé, gbogbo orí yí sí wa. Mo fà wọ́n lọ sẹ́yìn pátápátá, èrò mi ni pé a ó ti sá lọ kí ìsìn tó parí. Ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí jáde wá, mo kàn rí i tí ọkọ mi dìde. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ó gba máìkì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa," ló wí. "A ò lọ sí Òṣogbo mọ́. Èmi ni mo kọ̀. Ojú ló ń tì mí láti padà sílé. Ìyàwó mi fẹ́ ká lọ. Ẹ má bá a wí, èmi ni."

Bàbá Ọlọ́runfẹ́mi, ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ, dìde, wọn ò tilẹ̀ gba máìkì. Wọ́n bi ọkọ mi bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ibo ni wọ́n wà. Ó ní Òṣogbo, sà.

Bàbá ní, "O sì dúró síbí, ò ń sọ fún wa pé ojú ń tì ọ́?"

Wọ́n bá a wí bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ kékeré wí, níwájú ọmọ rẹ̀, níwájú àwọn tí òun jù lọ níbi iṣẹ́. Ọkọ mi ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń sọ pé kí wọ́n má bínú.

Ẹnu mi wà lára mi, kò sẹ́ni tó dì í. Ńṣe ló yẹ kí n dìde, kí n ní irọ́ ni, èmi ni. Mi ò dìde. Èyí tó wá burú jù ni pé èmi ni wọ́n ń yìn. Rosemary kúrò lórí àga rẹ̀, ó wá bá mi lẹ́yìn, ó di èjìká mi mú, ó ní obìnrin gidi ni mí. Pásítọ̀ ní kí ìjọ na ọwọ́ sí mi, kí Ọlọ́run fún aya rere yìí ní okun láti fara da ọkọ rẹ̀. Wọ́n nà án. Iredélé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbogbo ohun tí a sọ nílé ló gbọ́. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Lọ́nà ilé, mo bi ọkọ mi pé kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ lo ò fẹ́ kí ojú tì ọ́. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ká ní ó fi ìbínú sọ ọ́ ni, ì bá rọrùn fún mi.

À ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Màmá pè láti Òṣogbo. Fóònù mi ni wọ́n pè, kì í ṣe ti ọmọ wọn. Wọ́n kí mi, mo ní kí wọ́n wá jẹun, wọ́n kí Iredélé, wọ́n wá ní ọmọ àwọn ti sọ fún àwọn pé òun ò wá mọ́, pé ojú ló ń ti òun láti padà sílé. Wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kó dìjà láàárín wa, bó ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn, tó bá yá á ro ara rẹ̀ wò.

"Ìyàwó mi, mo mọ̀ pé ìwọ fẹ́ wá," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ọkọ mi dá ṣíbí dúró. Ó ń wò mí, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, pé kí n gbà á, kí n dúpẹ́, kó parí síbẹ̀. Kò ṣòro rárá. Àmọ́ bí obìnrin àgbàlagbà yẹn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ara mi ò gbà á.

Mo ní, "Mà, irọ́ ni ọmọ yín pa fún yín. Èmi ni mo ní a ò ní wá. Èmi lojú ń tì."

Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

Wọ́n ní, "Ṣé torí èmi ni ojú ṣe ń tì ọ́, ìyàwó mi?"

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin, mà, pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo wo ọkọ mi, mo wo Iredélé, kò sí èyí tó lè jáde lẹ́nu mi nínú gbogbo rẹ̀. Màmá dúró dè mí títí. Nígbà tí wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ní ó dáa, kí n padà sídìí oúnjẹ mi kó má baà tutù.