Òkúta Tí Reuben Gbé Nàró

Thirza Garland fi èékánná kan òpó apá òsì ẹnu-ọ̀nà ọgbà ilé ńlá Harcombe, òkúta náà sì bó sí i lọ́wọ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó tún kan án. Ó tún bó. Òkúta róbótó ńlá kan wà lórí òpó náà láti ayé àwọn baba ńlá onílé, abẹ́ rẹ̀ sì ni tọmọdé tàgbà ń gbà wọlé.

Reuben, ọkọ rẹ̀, ló tún òpó náà kọ́ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Ìgbà òtútù tó kọjá ni Reuben kú.

Bí ìwé ni òkúta àgbègbè yẹn rí, ewé lórí ewé. Bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lára ògiri, kí ẹrù orí rẹ̀ lè pa ìwé náà dé. Bí wọ́n bá gbé e nàró, omi á wọ àárín ewé, omi á di yìnyín, á wú, ewé á sì máa ṣí. Reuben mọ èyí, síbẹ̀ ó gbé e nàró.

"Simẹ́ǹtì díẹ̀ ni," ni Jabez wí, ẹ̀gbọ́n Reuben tí òun àti Thirza jọ ń ṣiṣẹ́ fífi òkúta mọ ògiri. "Ká fi rẹ́ ẹ lójú, ká máa lọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Yìnyín á mọ̀, Bọ̀dá."

"Ìyàwó, ṣé orí ẹ pé ṣá? Orúkọ rere ni ọkọ ẹ fi sílẹ̀ nílé yìí. Ìwọ lo fẹ́ bà á jẹ́?"

Thirza rántí ọ̀sẹ̀ tí Reuben kọ́ òpó náà. Òun wà lórí ibùsùn àìsàn. Òkúta méjì tó dùbúlẹ̀ léra wọn ni ibẹ̀ fẹ́, kì í ṣe ẹyọ kan tó nàró, ìyẹn ì bá sì gba ọjọ́ mẹ́ta sí i. Reuben ń kánjú kó lè wálé wá se ọbẹ̀ fún un.

"Ẹ bá mi gbé àkàbà," ni Thirza wí.

"Ìbaaka gbọ́ràn jù ẹ́ lọ!" Àmọ́ Jabez ti di okùn mú.

Wọ́n ti sọ òkúta róbótó náà kalẹ̀ nígbà tí Ìyáàfin Pelham, onílé, yọ pẹ̀lú ajá rẹ̀.

"Ọdún méjìlá péré! Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

"Ó ti pẹ́, mà," ni Jabez ń kùn, "èèyàn ò lè rántí..."

"Ọkọ mi ni, mà," ni Thirza wí. "Ó ṣìṣe níbí. Mo ń tún un ṣe."

"Ìyókù ògiri ńkọ́?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀ ọgbà. Èyí nìkan ni."

Obìnrin náà wo ògiri gígùn náà títí. "Ẹ máa báṣẹ́ lọ," ló wí, ó sì fa ajá rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n tẹ́ àkọ́kọ́ nínú òkúta tuntun méjì náà sílẹ̀.

"Ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ yẹn sókè díẹ̀, Bọ̀dá."

"Ó ti tó."

"Kò tíì tó."

Jabez gbé e sókè.